Dísù Tó Dì ní Ayétòrò

Ìdùnnúolúwa kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní Ayétòrò, lọ́sàn-án gangan, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn kú kí dókítà tó rán ojú abẹ tán.

Wọ́n ti gbé ọmọ jáde. Ọmọ ń ké, ìyá ń ṣẹ̀jẹ̀. Iná ìjọba lọ. Micah, ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, tan án. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó wúkọ́, ó kú. Micah tún tan án, ó tún kú. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ tó ń fún obìnrin náà ní afẹ́fẹ́ dúró. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Nígbà tí wọ́n máa fi rí tọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tí tọ́ọ̀ṣì lè ṣe mọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá ti mú Kòkúmọ́.

Kòkúmọ́ ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ṣẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún òróró lára èso làpálàpá, igi tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe ọgbà oko, tí wọ́n ń sọ òróró náà di dísù. Dísù yẹn ni ilé ìwòsàn ń lò. Nígbà tí wọ́n tú fílítà jẹnẹrétọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ nípọn bí oje igi, ó ń rùn bí ọ̀dà ògiri tó ti kan. Nígbà tí wọ́n tú yàrá Kòkúmọ́, wọ́n bá kẹ́ẹ̀gì ògógóró lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, àmì ọ̀dà pupa ti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì wà lára gbogbo wọn.

Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀mùtí tó lè jí ọtí ẹgbẹ́, ó lè jí dísù ẹgbẹ́. Ó ti ta ojúlówó fún àwọn onífàyàwọ́, ó sì rọ ìdọ̀tí dípò rẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìlaro ní tó bá di ọjọ́ Ajé, wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ẹ̀sùn ikú ènìyàn. Arúgbó tí kò ní lọ́yà, tí kò ní ọmọ tó lè jà fún un, tí wọ́n bá fi irú ẹ̀sùn yẹn gbé lọ, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò kú sí kí ẹnikẹ́ni tó rántí ẹjọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kí Ínsípẹ́kítọ̀ Nímọ́tà lọ kó ẹ̀rí jọ. Wọn kò ní kó wádìí. Wọ́n ní kó kó ẹ̀rí jọ. Ó kù díẹ̀ kí obìnrin náà fẹ̀yìn tì. Orúnkún ń dùn ún, irọ́ tí àwọn ènìyàn ti ń pa fún un láti ìgbà èwe rẹ̀ sì ti sú u. Ó lọ bẹ́ẹ̀ náà.

*

Àtìmọ́lé ló kọ́kọ́ lọ. Kòkúmọ́ jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, kò gbójú sókè. Ọmọ Ìwòyè-Kétu ni. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní òdìkejì bọ́dà, Faransé díẹ̀díẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó sọ fún Nímọ́tà pé òun kò jí dísù. Ó ní òun mu ògógóró, òun kò ní purọ́, ṣùgbọ́n òun kò jí ìyẹn náà. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì ni òun ti ń rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kẹ́ẹ̀gì tó kún, tí wọn kò tíì ṣí.

"Ta ló ń gbé e síbẹ̀?"

"N kò mọ̀, Màdáámù. Mo ń débẹ̀, mo ń rí i."

"Ẹ ń rí kẹ́ẹ̀gì ọtí nílẹ̀, Bàbá, ẹ kò sì bi ẹnì kankan?"

"Ta ló ń bi Ọlọ́run ìdí tó fi rọ òjò sóko òun?"

Kọ́ńsítébù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Nímọ́tà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi irọ́, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ purọ́ a máa wá irọ́ tó dára ju èyí lọ. Ẹni tó jí nǹkan yóò ní ẹnì kan fún òun ni, tàbí òun rà á. Kò sí olè tó máa ní òun rí i nílẹ̀.

"Sẹ fíní," ni Kòkúmọ́ wí bí Nímọ́tà ṣe ń jáde lọ. "Tèmi ti parí. Ẹ ẹ̀ rí ìyá yẹn níta ni?"

Nímọ́tà ti rí i. Dinah, ìyá Ìdùnnúolúwa, ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú àgọ́, nínú aṣọ dúdú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀ ló ti ń wá láti Ayétòrò lójoojúmọ́, á jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni òun náà. Ó mọ Kòkúmọ́ dáadáa. Ó ti bu oúnjẹ fún un rí.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá Ìdùnnú."

"Ẹ má jẹ́ kó jáde, Ínsípẹ́kítọ̀. Ohun tí mo wá sọ náà nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni màá máa wá sọ ọ́."

Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye ọmọ tó wà nílé.

*

Ẹ̀rí kan wà tó dà bí ẹni pé ó lágbára. Àwọn aládùúgbò ti rí lọ́rì kan ní ṣẹ́ẹ̀dì náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì mọ ẹni tó ni ín: Akínladé, tó ń kó ẹrù gba Ìdí-Ìrókò, tí kọ́sítọ́ọ̀mù ti mú tí wọ́n sì ti fi sílẹ̀ títí ó fi sú wọn. Nímọ́tà wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ọ̀nà náà gún orúnkún rẹ̀ bí abẹ́rẹ́.

Ó bá Akínladé lábẹ́ lọ́rì rẹ̀, ó ń yọ táyà. Ọkùnrin náà kò sá, kò sì kí i dáadáa.

"Ìyá Ọlọ́pàá, ẹ̀yin náà rò ó. Àtọdúnmọ́dún la ti ń gbé epo láti Nàìjíríà lọ sí Kùtọnu. Gbogbo ayé mọ̀, mi ò ní sọ pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ayétòrò yẹn? Ó ń rùn bí àkàrà tó jóná. Tí mo bá gbé e kọjá, ajá kọ́sítọ́ọ̀mù á tẹ̀ lé mi délé."

Ó ní háhá èso làpálàpá ni òun ń lọ kó, ìyẹn pàǹtí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún òróró tán. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lọ́dọ̀ òun ń fi í ṣe ajílẹ̀. Ó mú Nímọ́tà lọ wo àpò tó kù. Háhá ni lóòótọ́. Nímọ́tà ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò náà dé ìsàlẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó padà sínú ọkọ̀.

Ó ti pàdánù odidi ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀.

*

Ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀dì náà ni Gideon Mákindé. Ó kàwé púpọ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé kò lè sọ̀rọ̀ kúkúrú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdúróṣinṣin epo àti ìdàgbàsókè ìgbèríko fún Nímọ́tà, títí obìnrin náà fi wá àga tó sì jókòó.

"Ọ̀gá Mákindé, dúrọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ gbé fún ilé ìwòsàn ti bàjẹ́. Ṣé òun nìkan ló bàjẹ́?"

Gideon kò tíì wò ó. Láti ọjọ́ tí Ìdùnnúolúwa ti kú, kò lè wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó dúrọ́ọ̀mù epo pamọ́ sí.

Wọ́n jọ wọ ibẹ̀. Wọ́n ṣí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà: ó ti dì, ó ń rùn. Wọ́n ṣí èyí tó tẹ̀ lé e: bákan náà. Wọ́n ṣí èyí tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dí i: bákan náà. Nímọ́tà ní kí ó bá òun ṣí èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, tí eruku bò. Gideon ní ti ọdún tó kọjá nìyẹn, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ó mọ́ kedere. Ó tàn bí oyin.

Nímọ́tà dúró wò ó pẹ́. Tí olè bá ń yọ epo tó ń rọ ìdọ̀tí, kò lè rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tí èdìdì rẹ̀ kò já. Tó bá sì jẹ́ pé pípẹ́ nílẹ̀ nìkan ló ba epo jẹ́, èyí tó pẹ́ jù ló yẹ kó kọ́kọ́ bàjẹ́. Tuntun ló bàjẹ́, ti àtijọ́ dára. Nítorí náà, kò sí ẹni tó wá bà á jẹ́ níbí. Bó ṣe ti bàjẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e wọlé.

"Kí lẹ ń fi sí i kó má bàa bàjẹ́?"

Gideon tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nímọ́tà gbé ọwọ́ sókè.

"Sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀."

"Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, Màmá," ni Gideon wí. "Ẹ mọ bí òróró ṣe ń kan téèyàn kò bá dé e. Dísù tí a fi èso ṣe máa ń kan ju dísù tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe lọ. Tó bá kan tán, á dì. Nǹkan kan wà lára ewé efinrin tí afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ bá jà kó tó kan epo. Bí efinrin bá wà níbẹ̀, epo á pẹ́. Oògùn kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń rà láti òkè òkun fún iṣẹ́ yìí. Efinrin ni àwa ń lò."

Ó ní wọ́n ń sá ewé náà gbẹ, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú ògógóró líle, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń fi iná jẹ́jẹ́ gbẹ ọtí kúrò lára rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù, tó dúdú tó sì ki, ni wọ́n ń pò mọ́ dísù. Ó ní nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òun fúnra òun ló ń dúró tì í. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀, òun sì ń lọ sí Abẹ́òkúta lemọ́lemọ́ láti wá olùrànlọ́wọ́. Dúrọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá dára, ó sì fi ọkàn òun balẹ̀.

"Pàǹtí ewé náà ńkọ́? Níbo lẹ ń dà á sí?"

Gideon wò ó bí ẹni pé ó béèrè ibi tí wọ́n ń tutọ́ sí. Ó mú un lọ sẹ́yìn ilé.

Òkìtì ńlá ni. Nímọ́tà mú ọkọ́ tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gé òkìtì náà láàárín bí ẹni gé ẹ̀bà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó funfun bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, olú ti hù lára rẹ̀. Ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé hàn gbangba, bí ìlà tí ènìyàn fi ọwọ́ fà.

"Efinrin kan náà ni?"

"Efinrin kan náà ni, Màmá."

Nímọ́tà bu ewé gbígbẹ díẹ̀ nínú àpò wọn, ó dì í sínú ọ̀rá. Kí ó tó lọ, ó ní kí Gideon fi rọ́bà fa ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù kan tó bàjẹ́ wò. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe epo. Omi aláwọ̀ igi ni, ó ń rùn bí ẹrẹ̀.

*

Nímọ́tà rọ omi sínú ìgò kan, ó rọ ògógóró Kòkúmọ́ sínú èkejì, ó fi ewé sí méjèèjì, ó gbé wọn sábẹ́ tábìlì rẹ̀ ní àgọ́. Ọ̀gá àgọ́ kọjá, ó tẹ̀ ba wò wọ́n.

"Ínsípẹ́kítọ̀, àgbo lẹ wá ń ṣe ní àgọ́ báyìí?"

"Orúnkún ni, sà."

"Ẹ bù fún mi tó bá jiná. Ẹ̀rí Kòkúmọ́ ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ ń gbéra o."

Nímọ́tà ní ó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé ìgò méjèèjì sórí tábìlì. Ọtí ti fa gbogbo àwọ̀ ewé jáde. Ògógóró náà ti di aláwọ̀ ewéko pátápátá, ewé inú rẹ̀ sì ti ṣá di funfun. Èyí tó wà nínú omi dúdú, ó rọ̀, ó ti ń rùn.

Ó jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́. Ẹni tó ń rẹ ewé ti fi ọtí sílẹ̀, ó ti ń lo omi, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Omi kò lè fa ohun tí epo ń fẹ́ jáde lára ewé. Ìdí dúrọ́ọ̀mù ló rì sí, ó sì fi epo sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ọtí tí wọn kò lò ni Kòkúmọ́ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Òtítọ́ ni arúgbó náà sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù láti béèrè, ó sì yẹ kó ti béèrè rẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀dì. Ó pe Gideon lórí fóònù.

"Ta ló ń rẹ efinrin?"

Ó jọ pé Gideon náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó débẹ̀ ni.

"Màmá Dinah ni," ló wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ni."

*

Bẹ́ǹṣì iwájú àgọ́ ṣófo nítorí pé ọjọ́ ìsìn ni. Nímọ́tà lọ sí Ayétòrò. Ó bá Dinah nínú ilé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nímọ́tà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn láyè. Nígbà tí wọ́n jáde, Nímọ́tà jókòó tì í. Ó ti bi apànìyàn léèrè ọ̀rọ̀ rí, ó ti bi adigunjalè. Èyí le ju gbogbo wọn lọ.

"Màmá Ìdùnnú, ẹ̀yin lẹ ń rẹ efinrin."

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi ń rẹ ẹ́?"

"Omi."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìfi pa mọ́, nítorí pé kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pa mọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Ìdùnnú ti lóyún. Ẹ kò mọ ohun tí ọmọ yẹn rí lórí ọ̀rọ̀ oyún. Ó ń ní i, ó ń bàjẹ́. Ó ń ní i, ó ń bàjẹ́. Nígbà tí èyí dúró, mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ní ọwọ́ mi kò ní kan ọtí títí ọmọ yóò fi délẹ̀. Kì í ṣe mímu nìkan. Ọwọ́ mi kò ní kàn án."

Ó ní nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé ògógóró wá, òun máa ń ní kí ẹni tó gbé e wá bá òun gbé e sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, nítorí pé kò yẹ kí òun gbé e. Ibi tó ń gbà láti ibẹ̀, òun kò béèrè.

"Ẹ kò sọ fún Ọ̀gá Mákindé?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Àgbo ṣáà ni. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹni tí kò bá mu ọtí, omi la fi ń ṣe tirẹ̀. Ewé kan náà, iṣẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe é, ibà sì ń lọ. Mo sè é títí ó fi ki. Ó dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀."

Nímọ́tà mọ̀. Láti kékeré ni òun náà ti ń mu àgbo olómi, nítorí pé wọn kì í fẹnu kan ọtí nílé bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń yá. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ yẹn fún òun náà, ohun tí yóò ṣe nìyẹn. Ó dúró kí Dinah fúnra rẹ̀ rò ó débẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí ó ti ẹnu òun jáde.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ Dinah tó ń ṣẹ́ etí ìró rẹ̀ dúró.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bi mí?"

Nímọ́tà sọ ọ́ fún un. Kò fi oyin sí i, kò sì fi Ọlọ́run sí i. Ó sọ ti afẹ́fẹ́, ó sọ ti ewé funfun àti ewé dúdú, ó sọ ti omi tó wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tó parí, kò ní kí obìnrin náà ní sùúrù.

Dinah wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó yí wọn síwájú, ó yí wọn sẹ́yìn.

"Bàbá yẹn ńkọ́?" ló béèrè.

"Mo fẹ́ kó lọ sílé lónìí."

"Ẹ jẹ́ kó lọ."

*

Kòkúmọ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò dúpẹ́. Ó gba ọ̀nà Ìwòyè lọ láìpadà sí ṣẹ́ẹ̀dì, nítorí pé kò sí ẹnì kankan láti Ayétòrò tó wá sọ fún un pé kó má bínú, kò sì retí rẹ̀. Gideon da gbogbo epo tó bàjẹ́ nù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti ewé fúnra rẹ̀.

Nímọ́tà béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àgọ́ bóyá wọn yóò fẹ̀sùn kan Dinah. Ọkùnrin náà ka ohun tí Nímọ́tà kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìwé náà sílẹ̀.

"Ẹ̀sùn wo? Pé ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀?"

Ṣùgbọ́n a kò lè tú arúgbó sílẹ̀ kí a má sọ ìdí. Ẹbí ọkọ Ìdùnnúolúwa gbọ́. Wọn kò wá jà. Wọ́n kàn gbé ọmọ tuntun náà lọ sí Ìdí-Ìrókò, sọ́dọ̀ ìyá ọkọ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Dinah pé kó má wá. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Wọ́n ṣe é láìsí i, kò sì sí ẹni tó béèrè orúkọ tí òun fẹ́ sọ ọmọ náà.

Ó tún wá sí àgọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó dúró níwájú tábìlì Nímọ́tà, ó ní òun gbọ́ pé ọlọ́pàá máa ń rí ọ̀rọ̀ gbọ́ láti ìhà bọ́dà.

"Ẹ bá mi béèrè, Ínsípẹ́kítọ̀," ló wí. "Kí ni wọ́n ń pe ọmọ náà?"